Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Monster Truck Lórí Títì Scalextric

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní Scalextric (títì ìṣeré tí ọkọ̀ kékeré ń fi iná sáré lórí rẹ̀), ó sì fẹ́ràn monster truck, ọkọ̀ gíga onítáyà ràgàjì, púpọ̀. Mo yọ ẹ́ńjìnnì inú slot car rẹ̀ kan, mo gbé e sínú monster truck ìṣeré tí táyà rẹ̀ ga tó 52 mm. Bí mo bá tẹ kọ̀ńtúróòlà, á kùn, á gbóná, ọkọ̀ ò sì ní kúrò lójú kan. Kí ni kí n ṣe? (Bàbá ọmọ, Manchester)

ÌDÁHÙN: Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò bàjẹ́, iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ lẹ gbé fún un.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: slot car ni ọkọ̀ ìṣeré tí ń sáré lórí títì oníke. Ihò tóóró kan wà láàárín ọ̀nà rẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì tó ń gbé iná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Ahọ́n oníke tí wọ́n ń pè ní gáìdì ló ń wọ inú ihò, bàbà oníhun méjì tó wà lára rẹ̀ ló sì ń fa iná wá fún ẹ́ńjìnnì. Scalextric jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1957, ìwọ̀n 1:32 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi gùn tó o ní ìlọ́po 32. Monster truck gidi tí ń díje ní Amẹ́ríkà ń lo táyà tó ga ní íǹṣì 66. Ẹ pín in sí 32, ẹ ó rí 52 mm. Táyà yín bá ìwọ̀n mu rẹ́gí, àmọ́ òun gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

Táyà slot car lásán ò ju nǹkan bí 20 mm lọ. Ẹ́ńjìnnì irú FC-130, tó wọ́pọ̀ nínú slot car, ń yípo nǹkan bí ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan lórí iná 12V. Jíà eyín 9 sí 27 á sọ ọ́ di 6,000. Lórí táyà kékeré, ó dára. Ẹ gbé táyà ńlá sí i, ẹ ti fi ìlọ́po méjì ààbọ̀ kún ẹrù rẹ̀, ó sì di pé kò lè yí rárá. Ẹ́ńjìnnì tó dúró nígbà tí iná ń wọ inú rẹ̀ ló ń fa iná jù. Ẹ má tẹ kọ̀ńtúróòlà mọ́lẹ̀ mọ́, wáyà inú ẹ́ńjìnnì á jó.

Ẹ́ńjìnnì N20 tó ní jíà lórí ni kí ẹ rà. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 12 mm, gíga rẹ̀ 10 mm, gígùn rẹ̀ láìka ọ̀pá nǹkan bí 24 mm. Ẹ mú oní-12V tí ń yí ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó, nítorí oní-6V wà tí kò yàtọ̀ sí i lójú, iná títì yóò sì jẹ búrọ́ṣì inú rẹ̀ (ohun tó ń gbé iná dé apá tó ń yí) láìpẹ́. Lórí táyà 52 mm, ẹ ó rí nǹkan bí mítà 2.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lọ́ra ju slot car lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ọkọ̀ tó ga tó báyìí á ṣubú ní kọ́nà bó bá sáré jù.

Ẹ dá ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ ní ìbú ọkọ̀, kí ọ̀pá rẹ̀ àti ọ̀pá táyà ẹ̀yìn jọ máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ lo irin 3 mm fún ọ̀pá táyà, kó máa yí nínú búúṣì idẹ méjì (òrùka tó di ọ̀pá mú). Jíà méjì lẹ nílò, eyín 20 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, module 0.5 (ìwọ̀n títóbi eyín jíà). Láti àárín ọ̀pá kan dé àárín èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 10 mm. Bó bá dín, jíà á há, ẹ́ńjìnnì á gbóná. Bó bá lé, eyín á máa fò títí á fi jẹ tán. Nígbà tí ẹ bá ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáṣí (férémù ìsàlẹ̀ ọkọ̀), ẹ fi bébà tín-ín-rín sáàárín eyín jíà méjèèjì, ẹ wá fà á yọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún nọ́ọ̀tì. Àlàfo tó yẹ nìyẹn. Súpà gúlù ò dára níbí rárá, ó máa ń sàn wọ inú búúṣì. Ìdè oníke tí wọ́n ṣe fún N20, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì 2 mm méjì, ló dára jù.

Ihò rímù ìṣeré sábà máa ń tóbi ju 3 mm lọ. Ẹ fi páìpù idẹ dí i, ẹ fi epoxy (gúlù alápòpọ̀ méjì) lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yí i wò kó tó gan, kí táyà má baà máa mì. Táyà ike líle ò ní di títì mú. Táyà rọ́bà rírọ̀ ti ọkọ̀ RC (ọkọ̀ ìṣeré tí a ń darí láti òkèèrè) 1:24 dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí títì, ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì lẹ́yìn gáìdì.

ÌBÉÈRÈ: Monster truck tí mo kọ́ ń rìn dáadáa lójú ọ̀nà tó tọ́, ṣùgbọ́n gáìdì rẹ̀ ń yọ ní kọ́nà. Mo lẹ òòfà méjì mọ́ abẹ́ rẹ̀, kò yí padà. Táyà ẹ̀gbẹ́ kan tún máa ń já bọ́ sí etí títì. (Òǹkàwé, Houston)

ÌDÁHÙN: Ẹ yọ òòfà yẹn. Nínú slot car lásán, òòfà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin títì. Lábẹ́ ọkọ̀ yín ó jìnnà ju 15 mm lọ, agbára òòfà sì máa ń tán kíákíá bó bá ti jìnnà.

Gáìdì tí ẹ kàn mọ́ ṣáṣí ló ń fa ìyọkúrò. Bí táyà iwájú bá gun nǹkan kékeré, ó gbé ṣáṣí sókè, gáìdì sì bá a gòkè. Ẹ ṣe apá tí ń mì fún un: idẹ pẹlẹbẹ, nípọn 1 mm, fífẹ̀ 8 sí 10 mm. Ẹ fi píìnì so ìdí rẹ̀ mọ́ ṣáṣí lẹ́yìn ọ̀pá táyà iwájú, ẹ fi gáìdì sí orí rẹ̀ níwájú, kó lè máa lọ sílẹ̀ kó máa bọ̀ sókè ní nǹkan bí 3 mm. Ẹ lẹ òjé bíi 10 sí 15 g mọ́ ọn (ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan òjé). Wáyà tó lọ sí gáìdì gbọ́dọ̀ rọ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ sílẹ̀ kó lè tẹ̀. Wáyà líle kì í jẹ́ kí gáìdì yí sí kọ́nà. Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú kàn títì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa dá yí lórí ọ̀pá rẹ̀. Bọ́dì ńkọ́? Ẹ ha inú rẹ̀ kó fúyẹ́. Gbogbo gíráàmù tí ẹ bá yọ lókè dà bí èyí tí ẹ fi kún ìsàlẹ̀.

Ní ti etí títì, ìṣirò ló máa là á. Títì Scalextric, tó ní ọ̀nà méjì, fẹ̀ ní 156 mm, ihò ọ̀nà méjèèjì sì jìnnà síra ní 78 mm, ó kù 39 mm láti ihò dé etí. Monster truck gidi fẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn 114 mm ní 1:32, tàbí 57 mm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ dín in kù sí 75 mm. Pẹ̀lú táyà tó fẹ̀ ní 20 mm, 35 mm á kù láàárín fún N20 àti jíà rẹ̀. Yóò gbà á, àmọ́ kò ní sí àyè fún àṣìṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ dín in kù ní láti fi fọ́ọ̀mù tó ga bí títì yí etí rẹ̀ ká, kí ọkọ̀ náà sì máa dá nìkan sáré.

ÌBÉÈRÈ: Mo fi N20 sí i. Bí mo bá tẹ kọ̀ńtúróòlà díẹ̀, ó ti sáré tán. Kò ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. (Òǹkàwé, Leeds)

ÌDÁHÙN: Kọ̀ńtúróòlà àtijọ́ ń dín iná kù pẹ̀lú rẹsístọ̀ (ẹ̀yà tó ń dènà iná) inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kì í fa iná púpọ̀ kò ní rí ìyàtọ̀ náà. Ẹ so rẹsístọ̀ 100 ohm, oní-5W, mọ́ wáyà méjèèjì ẹ́ńjìnnì, láti ọ̀kan sí èkejì. Ó máa gbóná díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan bọ́dì oníke. Bí owó bá wà, kọ̀ńtúróòlà ẹlẹ́kitíróníìkì tó ń gé iná léraléra ló dára jù.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó lè sáré lórí títì digital? (Òǹkàwé, Luton)

ÌDÁHÙN: Rárá, àfi bí ẹ bá fi chip sí i. Iná kíkún ló wà lórí títì digital nígbà gbogbo, chip inú ọkọ̀ ló ń pinnu iye tí ẹ́ńjìnnì máa gbà. Ọkọ̀ tí kò ní chip á fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré títí á fi já kúrò lórí títì. Inú bọ́dì monster truck láyè tó fún chip náà. Ẹ kàn má gbé e sún mọ́ rẹsístọ̀.