Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Owó Fẹ́lóṣíìpù fún Ẹ̀kọ́ Oyè Gíga

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ó pé ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ omi kànga wò ni mo sì wà. Mo fẹ́ tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́, àmọ́ agbára mi kò ká owó rẹ̀. Àwọn kan ní kí n kọ́kọ́ gba ààyè ní yunifásítì kí n tó wá fẹ́lóṣíìpù, ìyẹn owó ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́, lọ, àwọn mìíràn ní owó ni kí n kọ́kọ́ wá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, ọ̀nà tí kálukú gbà wọlé ló ń júwe fún yín. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe so owó mọ́ ààyè, ìyẹn gan-an ló sì yẹ kí ẹ wádìí kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí á wo mẹ́ta péré. Ní Oxford, owó Clarendon, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001, kò ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ rárá: ẹni tó bá ti fi ìwé ìgbaniwọlé ránṣẹ́ kí gbèdéke ẹ̀ka rẹ̀ ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní tó kọjá, wọn yóò gbé orúkọ rẹ̀ yẹ̀ wò láìjẹ́ pé ó béèrè. Ní Cambridge, ètò Gates Cambridge, tí wọ́n fi mílíọ̀nù 210 dọ́là dá sílẹ̀ lọ́dún 2000 fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé kan náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fúnra yín sọ pé ẹ ń béèrè fún un, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n ní kí ẹ kọ sí i. Ní Stanford, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Fọ́ọ̀mù méjì ni ẹni tó ń wá owó Knight-Hennessy yóò kọ, ọ̀kan sí ètò náà, ọ̀kan sí ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀, oṣù Kẹwàá ni gbèdéke ti ètò owó sì máa ń bọ́ sí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kò tíì ti ilẹ̀kùn tiwọn. Bí ètò bá mú ènìyàn tí ẹ̀ka kò mú un, òfo ni.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn kò mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òun gan-an ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ yín. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ló máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ẹni tí wọ́n bá gbà fún oyè ọ̀mọ̀wé, tí wọn yóò sì tún máa fún un ní owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà, bí ó ti ń ran ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ nínú ìkọ́ni tàbí ìwádìí. Oyè kejì ni owó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà, onímọ̀ kẹ́mísírì tó mọ̀ pé ìwádìí ni òun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́, tó wá ń lé owó oyè kejì kiri nítorí ó rò pé dandan ni kí òun kọ́kọ́ gba ìyẹn, ọ̀nà tó jìn jù ló ń gbà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka níbẹ̀ ló ń gba ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ tààrà sí oyè ọ̀mọ̀wé.

Ní ti àkókò, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ọjọ́ ìwọlé. Ìwé èsì ìdánwò yín láti ọdún kìíní títí dé òpin ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè fún nílé ẹ̀kọ́ yín àtijọ́, nítorí bí ó ti máa ń pẹ́ tó, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Mo fi ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ tí mo fẹ́ fi béèrè owó ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí: “Láti kékeré ni ìmọ̀ ti máa ń wù mí, n kò sì fi ẹ̀kọ́ ṣeré rí.” Ṣé ó dára? Ṣé mo sì lè fún ẹlòmíràn bá mi tún un ṣe?

ÌDÁHÙN: Kò dára, ẹ má bínú. Mo ti jókòó rí pẹ̀lú àwọn tó ń ka irú fáìlì báyìí; kí á tó ka òkìtì náà dé ìdajì, a ti pàdé gbólóhùn yẹn títí ó fi sú wa. Kì í ṣe pé irọ́ ni. Ẹni tí ìmọ̀ kò wù kò ní kọ fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kí á rí ìyàtọ̀ láàárín yín àti ẹni tó tẹ̀ lé yín.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí à bá kà wà nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa, níbi tí ẹ ti sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ: pé kànga kan náà tí ẹ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, náítíréètì, èròjà tó lè ti inú ajílẹ̀ tàbí ìgbọ̀nsẹ̀ wá, inú omi rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 31 nínú lítà kan nígbà ọ̀dá, tó sì di 58 lẹ́yìn òjò. Àádọ́ta ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n tí kò yẹ kó kọjá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ wá sọ ohun tí nọ́ńbà méjèèjì kò lè sọ fún yín, ìyẹn ni pé bóyá ajílẹ̀ inú oko ni òjò gbá wọ ilẹ̀ ni tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń jò sínú kànga, nítorí irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ yín kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Yàrá ìwádìí tó ní ẹ̀rọ tí ń wọn oríṣi átọ́ọ̀mù náítírójìn àti ọ́síjìn inú náítíréètì lè ṣe é. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì tí ẹ ń kọ̀wé sí bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ kà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni ìdí tí ẹ fi yan ilé ẹ̀kọ́ náà yóò fara hàn, tí ẹ kò sì ní í máa yìn ín pé ó lókìkí, èyí tí àwọn tó ni ín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti àtúnṣe, ẹ ka òfin ètò kọ̀ọ̀kan. Ètò Rhodes ti Oxford, tí ìwé ìhágún Cecil Rhodes fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1902, ń béèrè pé kí ẹni tó kọ àròkọ nípa ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé òun kò gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tí òfin kò bá ti kọ̀ ọ́, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ kẹ́mísírì kà, kí ó fa ìlà sí abẹ́ ibi tí kò yé e. Ẹ má jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ mi ní kí n fúnra mi kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí, pé òun yóò fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n lọ bá ọ̀gá àgbà yunifásítì wa, ẹni tí kò mọ̀ mí rí, nítorí orúkọ rẹ̀ tóbi. Ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ọ̀gá àgbà sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yín yóò kọ pé ẹ níwà, ẹ sì múra sí iṣẹ́, yóò fi òǹtẹ̀ lù ú, ó parí. Olùkọ́ kékeré tó rántí ọjọ́ tí àyẹ̀wò yín bàjẹ́, tí ẹ padà wá ní alẹ́ láti tún un ṣe, kí ẹ tó mọ̀ pé omi tí ẹ fi fọ ìgò ló lẹ́bi, òun ni kí ẹ bẹ̀.

Ẹ má sì bá olùkọ́ yín kọ lẹ́tà náà. Yàtọ̀ sí pé ó lòdì sí òfin ọ̀pọ̀ ètò, ohùn ènìyàn kì í fara pa mọ́: lẹ́tà tó ń sọ̀rọ̀ bí àròkọ yín yóò fu òǹkàwé lára. Ohun tí ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn máa ń sọ ni olùkọ́ yín ń sọ. Ẹ kọ ojú ìwé kan fún un, kí ẹ to àwọn iṣẹ́ tí ẹ ṣe lábẹ́ rẹ̀ sí i, pẹ̀lú ọdún, máàkì, àkòrí ìwádìí yín àti gbèdéke, kí ẹ sì fún un ní ó kéré tán oṣù kan. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rán an létí, kí ẹ fi ìdúpẹ́ ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ: Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti fún mi ní fẹ́lóṣíìpù, wọ́n fẹ́ kí n dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Oṣù Kejì ni a wà, mo ṣì ń retí èsì ibòmíràn.

ÌDÁHÙN: Ẹ wò ó bóyá yunifásítì náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn Council of Graduate Schools (àjọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ oyè gíga tó wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà), èyí tó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní dandan láti fèsì sí ìfilọni owó ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ dárúkọ àdéhùn náà, kí ẹ ní ẹ ó fèsì kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá ti mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ kò ní lọ, ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹnì kan wà tí wọ́n ní kó dúró ná, àyè tí ẹ bá fi sílẹ̀ ló sì ń wọ̀nà fún.