Kí ni R-parity, kí sì nìdí tí kò fi gbọdọ̀ yí padà?

Ìbéèrè tí a bi mí ni ìtumọ̀ R-parity nínú supersymmetry, àti ìdí tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi dì í mú tó bẹ́ẹ̀.

Supersymmetry jẹ́ àbá kan tó sọ pé gbogbo pátíkù tí a mọ̀ ló ní ẹnìkejì, tí spin rẹ̀ (àbùdá kan tó dà bí yíyípo pátíkù) fi 1/2 yàtọ̀ sí tirẹ̀. R-parity ni àmì tó ya ìran méjèèjì sọ́tọ̀: +1 ni ti àwọn tí a mọ̀, −1 ni ti àwọn ẹnìkejì wọn. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé a ó yọ iye lepton (nọ́mbà tí a fi ń ka electron àti àwọn ìbátan rẹ̀) kúrò nínú iye baryon (nọ́mbà tí a fi ń ka prótónì àti àwọn quark inú rẹ̀), a ó sọ èyí tó kù di ìlọ́po mẹ́ta, a ó sì fi ìlọ́po méjì spin kún un. Bí àròpọ̀ náà bá ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́kù, +1 ni, bí kò bá ṣeé pín, −1 ni. Iye baryon quark jẹ́ 1/3, spin rẹ̀ sì jẹ́ 1/2, nítorí náà àròpọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 2. Squark, ẹnìkejì quark, ní iye baryon kan náà, ṣùgbọ́n spin rẹ̀ jẹ́ 0, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1.

Prótónì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìṣirò supersymmetry fúnra rẹ̀ kò fi dandan lé R-parity. Bí a kò bá sì fi í síbẹ̀, ìṣirò náà yóò gba squark láyè láti ba iye baryon àti iye lepton jẹ́ pọ̀ (ìyẹn ni pé kí àwọn iye náà yí padà), débi pé prótónì lè fọ́ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ omi 50,000 tọ́ọ̀nù ní Super-Kamiokande, ibùdó ìwádìí kan ní Japan, kò tíì rí prótónì kan kó fọ́, wọ́n sì ti fi hàn pé, bí yóò bá fọ́ di positron àti pion, ìyẹn pátíkù méjì tó fúyẹ́ jù ú lọ, ẹ̀mí rẹ̀ ju ọdún 10³⁴ lọ. Ní ọdún 1978 ni àwọn onímọ̀ físíìsì Glennys Farrar àti Pierre Fayet gbé òfin yìí kalẹ̀, pé R-parity kò gbọdọ̀ yí padà.

Bí òfin náà bá dúró, ìsọdipúpọ̀ àmì àwọn pátíkù tó wọlé gbọ́dọ̀ bá ti àwọn tó jáde mu. Nítorí náà, bí prótónì méjì bá kọlu ara wọn ní CERN, ilé ìwádìí pátíkù ní Yúróòpù, squark kan ṣoṣo kò lè jáde. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú ìran −1 kò ní ohun tí yóò fọ́ di, yóò wà títí, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi kà á mọ́ ohun tó lè jẹ́ dark matter, ohun àìrí tó ń fa àwọn ìràwọ̀ mọ́ra. Lójú tèmi, èrè yìí ló jẹ́ kí òfin náà wuni tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ààbò prótónì nìkan ni a kọ́kọ́ wá lọ síbẹ̀.

ATLAS àti CMS, ẹ̀rọ ìwádìí méjì ní CERN, ń wá pátíkù yìí nípa agbára tó sọnù, nítorí pé yóò gba inú ẹ̀rọ wọn kọjá láìfi ipa sílẹ̀. Wọn kò tíì rí i. Wọ́n tún ń wá ọ̀nà kejì, níbi tí R-parity ti já, tí pátíkù náà sì fọ́ sínú ẹ̀rọ: prótónì ṣì lè wà láìséwu níbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú iye baryon àti iye lepton ló bàjẹ́.