Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí Ni Kí A Máa Fi Nu Ilẹ̀ Onípákó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kẹrosíìnì ni a sì ti ń fi nù ún láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó ọmọ mi wá ní kí a dáwọ́ dúró nítorí ọmọ tó ń rákò. Ọṣẹ dúdú tí ó pò mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé pákó náà ń ṣú, kò sì dán mọ́. Ta ló jàre nínú wa? — Màmá kan, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú àmójútó ilé. Ìyàwó yín jàre nípa kẹrosíìnì, torí pé òórùn rẹ̀ kò ṣe ọmọdé lóore, ó sì tètè ń gbiná. Ní ti ọṣẹ dúdú, ẹ̀yin lẹ jàre. Eérú, bíi ti èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, agbára eérú yìí ló sì máa ń jẹ fáníìṣì, tí ó sì lè sọ àwọ̀ igi di dúdú. Omi ọsàn náà kì í jẹ́ kí fáníìṣì dán. Bí a bá wá po méjèèjì pọ̀, ńṣe ni kíkan ọsàn máa ń tú ọṣẹ náà ká, tí ọ̀rá inú rẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Pé oko ni nǹkan ti wá kò ní kí ó má ba pákó jẹ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kán omi díẹ̀ sí ibi tó fara sin. Bí ó bá dúró roboto fún ìṣẹ́jú díẹ̀, fáníìṣì ṣì wà níbẹ̀. Bí pákó bá fà á mu tí ojú ibẹ̀ sì ṣú, igi lásán ni ẹ ń tẹ̀.

Èyí tó wù kí ó jẹ́, iyanrìn ni ọ̀tá àkọ́kọ́, nítorí bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ha pákó bíi sáńpépà káfíńtà. Ẹ jẹ́ kí bàtà máa dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí ẹ sì máa fi ìgbálẹ̀ tó rọ̀ gbálẹ̀ lójoojúmọ́. Omi ló tẹ̀lé e. Ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi tí kò le, nínú ààbọ̀ garawa omi, ti tó. Ẹ fún aṣọ náà títí tí kò fi ní kán mọ́, ẹ nù ún bí ojú igi ṣe lọ, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e. Pákó tó bá mu omi a máa wú, èyí tó bá gbẹ a máa sún kì, ìdí nìyẹn tí àlàfo fi ń yọ nígbà ọyẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan dí àlàfo bẹ́ẹ̀ nígbà náà, torí bí òjò bá dé, àwọn pákó yóò máa ti ara wọn, wọn a sì gbórí sókè.

Ibi tó ti ṣú, ẹ fi aṣọ tí ẹ fi omi lásán rin díẹ̀ nù ún léraléra, kí ìyókù ọṣẹ lè kúrò. Bí kò bá yí padà, ó di ọwọ́ káfíńtà.

Igi lásán nílò òróró, ṣùgbọ́n kì í ṣe epo pupa, àdín tàbí òróró àgbọn. Àwọn wọ̀nyí kì í gbẹ. Wọn a máa lẹ̀, eruku a sì so mọ́ wọn. Òróró linseed ni kí ẹ béèrè, èyí tí wọn kò po kẹ́míkà tó ń mú un yá gbẹ mọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di líle, nítorí náà ẹ fi í pa pákó fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ nu àṣẹ́kù kúrò, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ padà síbẹ̀ títí yóò fi gbẹ pátápátá, èyí tí ó lè gba ọjọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè fi ìda oyin kùn ún kí ó lè dán. Àkísà tí ẹ fi pa òróró yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ: bí ẹ bá ká a jọ sí igun ilé, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kí ó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.