Ṣé Mo Lè Ta Ilé Tí Gbèsè Báǹkì Ṣì Wà Lórí Rẹ̀?

Ìbéèrè: Olóòtú, owó báǹkì ni mo fi ra ilé mi, n kò sì tíì san án tán. Ṣé mo lè tà á?

Ìdáhùn: Ẹ lè tà á, àmọ́ báǹkì ni yóò kọ́kọ́ gba tirẹ̀ nínú owó tí olùrà bá san. Kí ẹ tó dá iye lé e, ẹ ní kí báǹkì kọ gbèsè tó kù sínú ìwé, pẹ̀lú èlé tí yóò gorí rẹ̀ títí di ọjọ́ ìsanwó àti owó ìtanràn fún títètè san án tán, bí àdéhùn yín bá ní in nínú. Owó ìtanràn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ gbèsè wọn. Bí owó ilé náà kò bá ní ká gbèsè, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan fún olùrà kí báǹkì tó gbà pé kí ẹ tà á ní iye yẹn.