Ẹ Bi Bàbá Ọ̀mọ̀lé: Ilé tí Èèyàn àti Màlúù Jọ Ń Gba Ẹnu Ọ̀nà Kan Wọ̀

Bàbá Ọ̀mọ̀lé, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìlú Plymouth ní Devon, nílẹ̀ England, ni èmi àti àwọn ìbejì mi ń gbé. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, mo kó wọn lọ wo ilé àtijọ́ kan lórí Dartmoor, ilẹ̀ olókè kan ní Devon, Higher Uppacott ni wọ́n ń pè é. Akọ òkúta ni ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń so màlúù mọ́ wà nínú ilé yẹn gan-an, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú yàrá èèyàn. Kẹ́hìndé bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé wọn ò lówó tí wọ́n lè fi kọ́ ilé màlúù lọ́tọ̀ ni?” Mi ò rí èsì fún un. Wọ́n tún ní àárín ilé ni wọ́n ń dáná sí láyé ìgbà yẹn. Báwo ni koríko orí ilé ò ṣe gbiná?
Ìyá Ìbejì, Plymouth

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹdùmàrè á dá Táyé àti Kẹ́hìndé sí. Ọdún 19 ni mo fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní agbègbè Exeter, kò sì sí ilé tí mo fẹ́ràn ní gbogbo Devon tó irú ilé gbọọrọ tẹ́ ẹ lọ wò yìí. Ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé kì í ṣe àìlówó. Àgbẹ̀ tó ní ọ̀wọ́ màlúù, tó rí igi óákù rà, tó fi òkúta mọ ògiri tó fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó mítà kan, kì í ṣe òtòṣì ní àdúgbò rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ilẹ̀ là ń wò ká tó sọ̀rọ̀ ilé. Ẹ rántí bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì á dá ilé rẹ̀ dábùú òkè, kí ilẹ̀ inú ilé lè tẹ́jú. Àwọn tó kọ́ ilé gbọọrọ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n jẹ́ kí ilé na gbalaja sórí ìdagẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Èèyàn ń gbé níbi orí, màlúù ń gbé níbi ẹsẹ̀. Àwọn ará Devon ń pe ibi màlúù yẹn ní shippon. Gọ́tà kan gba àárín rẹ̀ já, ó ń lọ tààrà sí ihò tí wọ́n dá sí ìsàlẹ̀ ògiri ìparí. Wọ́n á so màlúù sí ọ̀tún àti òsì, orí wọn á kọ sí ògiri, ìdí wọn á kọ sí gọ́tà. Ìtọ̀ á máa ṣàn lọ fúnra rẹ̀, ihò yẹn náà ni wọ́n ń gbá ìgbẹ́ gbà jáde lọ sí oko. Ìdọ̀tí kankan ò lè gòkè wá bá ẹni tó ń jẹun. Bí wọ́n bá gbé ilé yẹn ka ilẹ̀ tó tẹ́jú, òórùn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè gbé e.

Láàárín èèyàn àti màlúù ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà tó la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn kan níbí, ìkejì ní ọ̀kánkán rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, èèyàn á yà sókè, màlúù á yà sísàlẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn onílé kan lu ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ fún màlúù, àwọn mìíràn sì sọ shippon di pálọ̀ tàbí ilé ìdáná. Ìdí nìyẹn tí Higher Uppacott fi ṣeyebíye tó bẹ́ẹ̀: wọn ò yí shippon tiẹ̀ padà, ó wà bó ṣe wà. Àjọ tó ń tọ́jú Dartmoor ti ra ilé náà, ó sì wà ní Grade I, ìpele tó ga jù lọ nínú àwọn ilé tí òfin England dáàbò bò.

Ẹ tún ro ti ojú ọjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Plymouth ẹ mọ òjò, àmọ́ ti orí òkè yẹn ju tiyín lọ. Ní Princetown, ìlú kan lórí Dartmoor, òjò ọdún kan sún mọ́ 2,000 mílímítà. Bí abo màlúù bá ń rọbí lóru nígbà òtútù, àgbẹ̀ á gbọ́ igbe rẹ̀ láti orí ibùsùn, á sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láì fi ẹsẹ̀ kan òjò. Ara màlúù ń mú ilé móoru, koríko gbígbẹ tí wọ́n kó sí àjà òkè wọn kì í sì jẹ́ kí ooru yẹn tètè sá lọ.

Ní ti òkúta, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nítorí ó máa ń wù mí sọ. Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Akọ òkúta yí wa ká, síbẹ̀ amọ̀ ni bàbá mi fi kọ́lé. Òkúta tiwa jẹ́ òkè gàgàrà tí kò sí ẹni tó lè gbé e. Ti Dartmoor ti fọ́ láti ayébáyé, ó fọ́n káàkiri orí pápá, ó ń dí ọkọ́ àti ohun ìtúlẹ̀ lọ́wọ́. Àgbẹ̀ tó ń ṣa òkúta kúrò lóko ti ń kó ohun ìkọ́lé jọ nìyẹn. Èyí tó tóbi jù ni wọ́n máa ń yí sí ìsàlẹ̀ ògiri, nítorí ta ni yóò gbé e sókè?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Láyé ìgbà yẹn, gbọ̀ngàn ilé ò ní àjà, ojú èèyàn á rí òrùlé láti ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń dáná sí, kò sí ṣímínì. Èéfín á gòkè, á rọra gba inú koríko jáde. Òkè yẹn jìn, ẹ̀ta iná á sì ti kú kó tó débẹ̀. Èéfín náà ń gbẹ koríko láti abẹ́, ó ń lé kòkòrò. Mo gun inú òrùlé ilé kan rí nítòsí Widecombe, níbi tí wọ́n ti pè mí láti tún igi òrùlé ṣe. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, gbogbo igi ibẹ̀ àti abẹ́ koríko dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń dán. Àjà ìyá ìyá mi ni mo rántí, níbi tó ń so àgbàdo rọ̀ sí lókè ààrò. Mo jókòó sórí igi yẹn fún ìgbà díẹ̀, mi ò lè ṣiṣẹ́.

Dúdú yẹn lẹ̀rí ọjọ́ orí ilé. Bí koríko bá gbó ní Devon, wọ́n máa ń ha tòkè kúrò ni, wọ́n á wá fi tuntun lé e. Nítorí náà, koríko àkọ́kọ́ tí èéfín kùn ṣì wà nísàlẹ̀ láwọn ilé kan, Higher Uppacott wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ ń rí àlìkámà àti èpò oko ayé ọjọ́un nínú rẹ̀. Láàárín ọdún 1500 sí 1700 ni ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ tó wá ní ṣímínì, tí wọ́n sì tẹ́ àjà pákó, tí yàrá òkè fi wà. Ṣímínì gan-an ni mo ń bẹ̀rù nílé koríko lónìí: ẹ̀ta iná tó bá ẹnu rẹ̀ jáde, tó bà sórí òrùlé níta, àti biríkì tó ti là nínú koríko níbi tí ojú ò tó.

Koríko náà kì í ṣe irú bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́. Pòròpórò àlìkámà ni, tí wọ́n ya bí ẹni ya irun, kí gbogbo ìdí rẹ̀ lè kọ sí apá kan. Ẹ̀rọ ìkórè òde òní máa ń fọ́ ọ, nítorí náà ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n ṣì fi ń gé èyí tí wọ́n fẹ́ fi bolé. Ó lè lo ọdún 25 sí 40 kó tó gbó, bí wọ́n bá ń tún góńgó rẹ̀ ṣe lóòrèkóòrè.

Tí ààyè bá tún yọ, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Hound Tor, lórí Dartmoor náà ni. Ilé gbọọrọ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láti nǹkan bí 600 ọdún wà níbẹ̀, wọ́n hú u jáde láàárín 1961 sí 1975. Kò sí òrùlé, ògiri kúkúrú ló kù, nítorí náà ojú ọmọdé lè rí gbogbo ètò ilé lẹ́ẹ̀kan. Kí Táyé dúró sí ìparí òkè, kí Kẹ́hìndé dúró síbi màlúù. Ẹ ò ní nílò ẹnikẹ́ni láti ṣàlàyé ìdagẹ̀rẹ̀ mọ́, torí àwọn ìbejì tí gíga wọn dọ́gba, orí ọ̀kan á ga ju tìkejì lọ.

Bàbá Ọ̀mọ̀lé, akẹ́kọ̀ọ́ nípa ilé kíkọ́ ni mí. Ṣé ó ṣeé ṣe kéèyàn wo akọ òkúta lára ògiri, kó mọ ìgbà tí wọ́n là á?
Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́

Ọmọ mi, ní Dartmoor, ó ṣeé ṣe dé àyè kan. Wo etí òkúta náà. Tó o bá rí ojú ihò gbọọrọ tí wọ́n fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ní títò, tí wọ́n fi èèkàn irin là, ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú ọdún 1800. Tó bá jẹ́ ihò roboto, bíi pé ìka ló wọ̀ ọ́, lẹ́yìn nǹkan bí 1800 ni, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin lu ihò, tí wọ́n ń ki irin pẹlẹbẹ méjì sí i, tí wọ́n á wá gbá èèkàn sáàárín wọn. Ọjọ́ orí òkúta yẹn nìkan lo fi mọ̀ o, kì í ṣe ti ilé. Wọ́n lè ti pààrọ̀ òkúta orí ilẹ̀kùn nínú ilé tó ti pẹ́ jù ú lọ fíìfíì, nítorí náà yí ilé náà ká tán, kó o wo gbogbo igun rẹ̀, kó o tó kọ ohunkóhun sínú ìwé rẹ.