Èló ni àdìrẹ kan ná yín kó tó dé ṣọ́ọ̀bù?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ alábẹ́là ni à ń ṣe ní Abẹ́òkúta, a sì ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tà á ní Ìtòkú. Ní ọdún 2024, aṣọ 2,400 la ṣe, ọ̀pá márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ro owó aṣọ funfun, àbẹ́là àti aró pọ̀, tí mo fi owó àwọn oníṣẹ́ lé e, ₦4,625 ni mò ń rí lórí aṣọ kan. Oníbàárà kan láti Èkó fẹ́ kó 300 ní ₦5,200. Lójú mi, èrè wà níbẹ̀. Àmọ́ ọdún parí, owó tí mo rò pé ó yẹ kó wà nílẹ̀ kò sí. Mo fi gbogbo ìwé owó wa ránṣẹ́ sí yín. Báwo ni mo ṣe máa ṣírò iye tí aṣọ kan ná wa gan-an?

Ìdáhùn

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, ìyá wa. Pẹ̀lú ohun tó wà nínú ìwé yín, ₦5,500 ni aṣọ kan ná yín, kì í ṣe ₦4,625. ₦875 tó wà láàárín wọn ni owó tí ẹ ń wá. Igi ìdáná, omi, owó ilé àti owó ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ló gbé e lọ. Kò sí èyí tí ẹ lè nawọ́ sí lára aṣọ kan pàtó nínú wọn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbàgbé wọn.

Ìṣírò tó máa ń tú irú àṣírí yìí ni àwọn oníṣirò owó ń pè ní manufacturing account. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìṣírò iṣẹ́-ṣíṣe. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: èló ni àwọn aṣọ tó parí láàárín ọdún ná ọgbà aró? Títà kò sí nínú rẹ̀, èrè kò sí nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọgbà aró ni ààlà rẹ̀. Owó tí ẹ ná kí aṣọ tó kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn, ó wọlé. Èyí tí ẹ ná lẹ́yìn rẹ̀, irú bí owó ọmọ tó ń tajà ní Ìtòkú, ọ̀rá ìdìjà àti owó mọ́tò tó gbé ọjà lọ bá oníbàárà, ìṣírò mìíràn ló ni ín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: ìwé kan náà ni wọ́n ń kọ ìnáwó ọgbà àti ti ṣọ́ọ̀bù sí, nígbà tí ọdún bá sì parí, kò ní ṣeé yà mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun èlò. Kì í ṣe iye tí ẹ rà la ń wá o, iye tí ẹ lò ni. Ní oṣù Kìíní, ohun èlò tó jẹ́ ₦600,000 ti wà nílẹ̀. Ẹ ra ₦8,400,000 láàárín ọdún. Owó mọ́tò tó gbé ẹrù náà wá láti Balógun jẹ́ ₦250,000. Inú ìṣírò yìí ló ń wọ̀, nítorí pé aṣọ tí kò tíì dé ọgbà kò ṣeé pa láró. Ẹ dá aṣọ tó ya padà fún ẹni tó tà á, ₦150,000, ẹ yọ ìyẹn. Nígbà tí ọdún parí, ohun èlò ₦700,000 ló kù nílẹ̀, ẹ yọ òun náà. Ohun tó ṣẹ́kù, ₦8,400,000, ni iye tí ẹ lò. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ iye tí ẹ rà ni, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe sọ ọ́ di àṣà láti fo ìṣirò yìí.

Bí ẹ ṣe ka ohun tó kù nílẹ̀ ló máa sọ bóyá gbogbo rẹ̀ máa tọ́. Ọjọ́ tí ọdún parí gan-an ni kí ẹ kà á, kí iṣẹ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn àbẹ́là, aró, kọ́sítíìkì àti háídírọ̀ (kẹ́míkà méjì tí a fi ń po aró), títí kan ike tí ẹ ti ṣí tó kù ìdajì. Ìwọ̀n ojú kò ní ṣe é. Iye tí ẹ rà wọ́n ni kí ẹ kọ, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà báyìí bí ó bá ti wọ́n sí i. Àmọ́ aró tó ti dì, tàbí háídírọ̀ tí afẹ́fẹ́ ti wọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ má kà á sí owó rárá. Ohun mìíràn: bí ẹ bá mú aṣọ funfun nínú ẹrù iṣẹ́ láti fi ṣe aṣọ ẹbí nílé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tí ẹ̀yin fúnra yín mú. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ìṣírò máa gbà pé àwọn aláró ló lò ó, àdìrẹ yín á sì dà bíi pé ó wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Owó àwọn oníṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. Iye aṣọ tí kálukú bá ṣe lẹ fi ń san owó fún àwọn tó ń tẹ àbẹ́là sára aṣọ, àwọn tó ń rẹ ẹ́ sínú aró àti àwọn tó ń họ àbẹ́là kúrò nínú omi gbígbóná. Èyí mú nǹkan rọrùn. ₦2,600,000 lẹ san, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oṣù Kejìlá tó jẹ́ ₦100,000, oṣù Kìíní ọdún kejì lẹ san án. Ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ náà ló ni owó yẹn, nítorí náà ₦2,700,000 ni kí ẹ kọ. Ti àwọn ọmọ yín tó ń bá yín ṣiṣẹ́ láìgba owó, kò wọ ìwé, torí pé owó kankan kò jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá iye lé ọjà, ẹ fi wọ́n sọ́kàn: lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ máa gba ẹlòmíràn.

₦100,000 tí ẹ fún agbẹ́gilére tó gbẹ́ òǹtẹ̀ fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo náà wọlé síbí, nítorí pé a mọ iṣẹ́ tó ni ín. Ohun èlò, owó oníṣẹ́ àti owó òǹtẹ̀ yìí jẹ́ ₦11,200,000. Èyí ni à ń pè ní ìnáwó ìpìlẹ̀.

Wàyí o, ìnáwó akárí, ìyẹn èyí tó kárí gbogbo ọgbà tí a kò lè fi dá aṣọ kan lẹ́bi. Igi ìdáná àti gáàsì tí ẹ fi ń họ àbẹ́là, ₦480,000. Omi, ₦180,000. Owó ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn oníṣẹ́, ₦600,000. Òun kì í gba owó lórí iye aṣọ, nítorí náà kò bá àwọn tó kù wọ ìnáwó ìpìlẹ̀. Ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti ìgbálẹ̀, ₦65,000.

Owó ilé ló máa ń da ọ̀pọ̀ rú. ₦750,000 lẹ san, àmọ́ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà fún, ó di òpin oṣù Kẹta ọdún 2025. Oṣù méjìlá nínú rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Ìwé ilé kan náà ló kó ọgbà àti ṣọ́ọ̀bù pọ̀, ọgbà sì gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ náà, nítorí náà ₦400,000 ni ti ọgbà. Iná mànàmáná àti epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦300,000. Ẹ sọ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi àti áyọ́ọ̀nù ló ń jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn ₦225,000. Ilẹ̀ la fi pín owó ilé, lílò la fi pín iná. Kò sí ọ̀nà pípín kan tó pé pátápátá, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá lò lọ́dún yìí ni kí ẹ lò lọ́dún tó ń bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní lè fi ọdún kan wé èkejì.

Gbígbó irinṣẹ́ ló kẹ́yìn. Tábìlì, dírọ́ọ̀mù, ìkòkò àti ẹ̀rọ omi yín jẹ́ ₦1,500,000 nígbà tí ẹ rà wọ́n. Ìwé yín yọ ìdá mẹ́wàá lọ́dọọdún, ₦150,000. Mo lo iye náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dín kù lójú tèmi. Tábìlì lè lo ọdún mẹ́wàá. Ìkòkò tó ń jókòó lórí iná igi lójoojúmọ́ kò ní lò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Àpapọ̀ ìnáwó akárí jẹ́ ₦2,100,000.

Ó ku iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, èyí tó ṣòro jù nídìí àdìrẹ. Nígbà tí ọdún parí, aṣọ 120 ti gba àbẹ́là ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí aró. Wọn kì í ṣe ohun èlò mọ́, wọn kò sì tíì di ọjà. Owó tí ẹ ti ná lé wọn lórí nìkan ni kí ẹ kà. Aṣọ funfun àti àbẹ́là fún ẹyọ kan jẹ́ ₦2,790. Owó títẹ àbẹ́là jẹ́ ₦540. Owó rírẹ àti híhọ kò tíì kàn án. Ní ti ìnáwó akárí, ẹ wò ó pé ₦2,100,000 lórí owó oníṣẹ́ ₦2,700,000 jẹ́ náírà méje lórí náírà mẹ́sàn-án. Nítorí náà ₦540 máa fa ₦420 lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,750 lórí ẹyọ kan, ₦450,000 lórí 120. Bí ẹ bá kà wọ́n bí aṣọ tó ti parí, ẹ ti fi èrè tí kò sí kún ìwé. Bí ẹ bá gbàgbé wọn, àwọn aṣọ tó parí ló máa ru ẹrù wọn.

Bó ṣe máa rí nínú ìwé nìyí:

Ìṣírò iṣẹ́-ṣíṣe fún ọdún tó parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 2024

Ohun èlò tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: ₦600,000
Ohun èlò tí a rà: ₦8,400,000
Owó mọ́tò ìkẹ́rùwọlé: ₦250,000
Yọ èyí tí a dá padà: ₦150,000
Yọ ohun èlò tó kù ní ìparí: ₦700,000
Ohun èlò tí a lò: ₦8,400,000
Owó oníṣẹ́: ₦2,700,000
Owó òǹtẹ̀: ₦100,000
Ìnáwó ìpìlẹ̀: ₦11,200,000
Ìnáwó akárí: ₦2,100,000
Àpapọ̀: ₦13,300,000
Fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ kún un: ₦350,000
Yọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ní ìparí: ₦450,000
Iye tí aṣọ tó parí ná wa: ₦13,200,000

Ẹ pín in sí 2,400, ó di ₦5,500. Ẹ rí i dájú pé 2,400 yẹn jẹ́ aṣọ tó ṣeé tà. Bí 60 nínú wọn bá bàjẹ́ nínú aró, 2,340 ni kí ẹ fi pín in, ẹyọ kan á sì sún mọ́ ₦5,641. Ìbàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó máa ń bá iṣẹ́ aró rìn, àwọn aṣọ tó yè ló ń ru ú. Èyí tó ṣàdédé ṣẹlẹ̀, bí olè tó kó ẹrù tàbí iná tó jó o, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣírò yìí, kí ẹ kọ ọ́ bí àdánù nínú ìṣírò èrè àti àdánù. IAS 2, òfin ìṣírò tó dá lórí ọjà tó kù nílẹ̀, kò gbà kí irú àdánù àrà ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí owó títa ọjà, wọ iye ọjà.

₦13,200,000 yìí ló máa wọ ìṣírò ọjà títà, ní ipò tí oníṣòwò lásán máa ń kọ ọjà tó rà sí. Aṣọ 200 ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ₦1,000,000; 300 ló kù ní ìparí, ₦1,650,000 ní ₦5,500. Aṣọ 2,300 tí ẹ tà ná yín ní ₦12,550,000. Ẹ tà wọ́n ní ₦7,000, ìyẹn ₦16,100,000, nítorí náà ₦3,550,000 ni èrè kí owó ilé ti ṣọ́ọ̀bù, owó ọmọ títa ọjà àti ìyókù tó jáde nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ń retí ₦2,375 lórí aṣọ kan, nǹkan bí ₦1,500 ni ẹ rí.

Nísinsìnyí, oníbàárà Èkó. Bí ìwé bá sọ ₦5,500, ó dà bíi pé kí ẹ lé e lọ. Ẹ dúró ná. Owó ilé, owó ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ àti gbígbó irinṣẹ́ kò ní pọ̀ sí i nítorí aṣọ 300. Ohun tó máa pọ̀ sí i ni ohun èlò, ₦3,500. Owó oníṣẹ́, ₦1,125. Igi àti omi, nǹkan bí ₦275. Ó jẹ́ ₦4,900. Nítorí náà ₦5,200 máa fi ₦300 sílẹ̀ lórí ẹyọ kan, ₦90,000 lórí gbogbo rẹ̀, bí òun bá máa fúnra rẹ̀ gbé ẹrù. Ẹ lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, ní oṣù tí ọgbà bá ń sùn. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá máa dí àwọn tó ń san ₦7,000 lọ́wọ́, ẹ má gbà á. Bó bá sì fẹ́ kí ₦5,200 di iye tó ń kó ọjà lóṣooṣù, ẹ sọ fún un pé ₦5,500 lẹ ń ná nídìí aró kí ẹ tó rí kọ́bọ̀ kan jẹ.