Kí o tó gba iṣẹ́ ìwádìí lórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìwé kíkà

Àbúrò mi, o ní yunifásítì kan fẹ́ gbà ọ́ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ìwádìí lórí bí àwọn ọmọ pírámárì ṣe ń kọ́ ìwé kíkà ní èdè Yorùbá, o sì ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni, tí kò ní gbé ọ débì kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn àti àwọn abúlé tó yí i ká. Gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tó yẹ kí o mọ̀ kí o tó fọwọ́ síwèé.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì rárá. Abẹ́ igi máńgòrò ni wàá ti ṣe é, tàbí ẹ̀yìn kíláàsì tí àwọn ọmọ yòókù á ti máa yọjú wò yín lójú fèrèsé. Ọmọ ọdún méje á jókòó níwájú rẹ lórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kanlẹ̀. Lójú tirẹ̀, àgbà tí kò rí rí, tó mú bébà àti aago dání, ó fẹ́ nà án ni. Bí o kò bá kọ́kọ́ bá a ṣeré, kí o bi í pé ta ló di irun rẹ̀, kí o gbọ́ orúkọ àbúrò rẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà á ni wàá kàn kọ sílẹ̀, kì í ṣe ìwé tó mọ̀ ọ́n kà.

Ìdánwò tó ṣeé ṣe kí wọ́n fún ọ lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní EGRA (Early Grade Reading Assessment, ìyẹn ìdánwò ìwé kíkà fún àwọn ọmọ kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀), tí wọ́n ti tún ṣe sí oríṣiríṣi èdè káàkiri ayé. Wàá gbé bébà tó ní lẹ́tà 100 síwájú ọmọ, wọn ò tò wọ́n bí ábídí, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ló sì ní. Bí kò bá mọ ẹyọ kankan nínú 10 àkọ́kọ́, wàá dá a dúró, wàá kí i pé ó ṣeun, ẹ ó bọ́ sí apá tó kàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń dùn mí. Ọmọ tó fi orin ka ábídí láti a dé y láìṣì á máa wo ẹnu rẹ bí o bá tọ́ka sí “gb”. Tàbí kó bẹ̀rẹ̀ orin náà láti òkè, kó máa kọ ọ́ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ títí yóò fi débẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní pírámárì kejì ka odindi ojú ìwé fún mi geerege, tísà rẹ̀ dúró tì wá, inú rẹ̀ ń dùn. Ìka ọmọ náà ṣì wà lórí ìlà kẹta nígbà tí ẹnu rẹ̀ parí ìtàn. Mo rọra fọwọ́ bo ojú ìwé náà, mo ní kó tún un kà, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò bá tísà yẹn wí. Àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ẹnì kan lè gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú jù ni pé etí rẹ ni gbogbo ìwádìí náà dúró lé. Ọmọ Ìbàdàn rí “iṣu”, ó kà á ní “isu”. Ó gbà á, nítorí bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà “s” àti “ṣ” bá dá dúró lórí bébà, tó sì pe méjèèjì bákan náà ńkọ́? Ọmọ Èkìtì lè rí “ilé” kó ka “ulé”: ṣé ó ka lẹ́tà ni, àbí ó dá odindi ọ̀rọ̀ náà mọ̀ lójú? Bí “igba” bá wà láìsí àmì ohùn, igba owó ni, tàbí igbá omi, tàbí ìgbà òjò? Kí ẹ tó wọ ilé ìwé kankan ló yẹ kí ẹ ti fẹnu kò lórí ìwọ̀nyí. Ẹ jókòó ti ọmọ kan náà, kí olúkúlùkù máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi wéra. Níbi tí wọn kì í ti ṣe èyí, mo ti rí ọmọ kan náà tó mọ̀wé lọ́wọ́ ẹnì kan, tó di òpè lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré iṣẹ́ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ títí wọ́n fi jáde pírámárì. Gẹ̀ẹ́sì náà ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Títí di òní, iṣẹ́ yẹn ni ẹni tó ń jà fún èdè abínibí ní kíláàsì máa ń tọ́ka sí. Àwọn kan ló jókòó ti àwọn ọmọ yẹn, tí wọ́n ń máàkì, kí ìwé tó jáde.

Ní ti owó, béèrè oṣù mélòó ni àdéhùn náà, ta ló ń san owó ọkọ̀, àti bóyá orúkọ rẹ máa wà nínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde. Ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, àpò ara wa la fi ń wọkọ̀ lọ sóko fún ìgbà pípẹ́ kí owó tó dé. Béèrè bákan náà iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ kí o gbọ́ lójúmọ́. Níbi kan náà yẹn, iye tí wọ́n là sílẹ̀ ju agbára èèyàn lọ, ni àwọn kan nínú wa bá ń fojú bu máàkì.

Ka fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda fún òbí ní Yorùbá tí yóò yé e, kí o tún béèrè lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Bó bá ní òun ò ṣe, jẹ́ kó máa lọ. Má dárúkọ ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kà fún tísà ní gbangba, torí pé lẹ́yìn tí o bá ti lọ, wọ́n lè fi pàṣán bi í léèrè.

Ní kí wọ́n fi ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní fún ẹ̀yin tuntun hàn ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan péré, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kún un, kí ẹ sì fi àwọn ọmọ gidi dánra wò. Bí wọ́n bá kọ̀, dúró de òmíràn.